Owó Kòkó Ló Gbé Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ Dúró

Bí ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba bá ti délẹ̀ láàárín wa ní Ọ̀ṣun, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ pé ọ̀fẹ́ ló bà á jẹ́, pé ohun tí ènìyàn kò bá náwó lé lórí, kì í kà á kún. Mi ò gbà. Àwọn àgbẹ̀ kòkó Ìjẹ̀ṣà, láti Iléṣà dé Ìkejì-Arákejì, náwó lé ẹ̀kọ́ yìí gan-an. Kí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 1955, ó ti bu owó orí tuntun fún aráàlú, bẹ́ẹ̀ ni àjọ tó ń ra kòkó ń dá apá kan dúró nínú owó tó ń pa lókè òkun, kì í kó gbogbo rẹ̀ fún àgbẹ̀. Owó orí náà bí aráàlú nínú, ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC sì fẹ̀yìn Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, balẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954. Gbogbo ìlú ló dáwó ohun tí a ń pè ní ọ̀fẹ́. Ohun tó yí padà ni pé wọn kò lé ọmọ kúrò ní kíláàsì mọ́ nítorí àìrówó baba rẹ̀.

Èrè owó náà kò fara sin. Láàárín ọdún kan, iye ọmọ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 sí 811,000. Àwọn ọmọ olówó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, àti ọmọbìnrin tí wọn ì bá fi sílé kí ọkùnrin lè lọ. Ti ọmọbìnrin yìí ló jẹ mí lógún jù. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, Una Osili àti Bridget Long, ṣèwádìí ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UPE) tó bẹ̀rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà ní 1976, wọ́n rí i pé ọdún kan tí ọmọbìnrin bá fi kún ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń dín iye ọmọ tó ń bí kó tó pé ọdún 25 kù, tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ọmọ kan. Ẹ fi èyí ṣírò ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ń bú ọ̀fẹ́ á ní ẹ̀kọ́ náà kò jinlẹ̀ mọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní 1955, ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò tíì gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó kó ọmọ lé wọn lọ́wọ́. Ní 1976, a tún ṣe bẹ́ẹ̀. Kẹ́ńyà náà rí kíláàsì tó kún àkúnya nígbà tó fagi lé owó ilé-ẹ̀kọ́ ní 2003. Ṣùgbọ́n àìtó olùkọ́ ló fà á, kì í ṣe àìsan owó. Níbí ní Ọ̀ṣun, ìjọba tó pín tábúlẹ́ẹ̀tì Ọpọ́n Ìmọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ girama ní 2013 ló padà bẹ̀rẹ̀ sí í san apá kan owó oṣù fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, olùkọ́ wà lára wọn, ní 2015. Ta ni yóò fi ọkàn kọ́ ọmọ lábẹ́ irú ipò yẹn? Àwọn mìíràn ń tọ́ka sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Ìkejì-Arákejì ní yunifásítì aládàáni kan, ti ìjọ Christ Apostolic Church (C.A.C.), mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Síbẹ̀, ọmọ ìlú náà tí kò bá rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gidi lọ kò lè dé ẹnubodè rẹ̀ láéláé.

Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ (UBE) ọdún 2004 ní kí ìpínlẹ̀ mú owó tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó gba ti ìjọba àpapọ̀. Nítorí náà, kí ìjọba tó wà ní Òṣogbo máa kéde lọ́dọọdún iye tó mú sílẹ̀, iye tó gbà, àti iye olùkọ́ tuntun tó rán sí ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, níbi tí Ìkejì-Arákejì wà.