Oúnjẹ tí Emmi Kọ̀ láti Sè

Ní ọdún 1974 ni Rainer Werner Fassbinder, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gbé fíìmù kan jáde tí ó pè ní Angst essen Seele auf. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìbẹ̀rù a máa jẹ ọkàn ènìyàn tán. Jámánì tí kò já gaara ni a fi sọ ọ́, nítorí pé ẹnu àlejò ni gbólóhùn náà ti jáde. Ali ni àlejò ọ̀hún, ọmọ Mòrókò tí ó ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì ní ìlú Munich. Emmi, opó tí ó tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ń fi ilẹ̀ gbígbá àti ilẹ̀ nínù gbọ́ bùkátà. Òjò lé e wọ ilé ọtí kan, Ali bá a jó, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi di tọkọtaya.

Ìjọba Jámánì Ìwọ̀-oòrùn ti bá Turkey ṣe àdéhùn ní 1961, ó sì bá Mòrókò ṣe é ní 1963, kí ilé-iṣẹ́ wọn lè rí òṣìṣẹ́. Apá àwọn àlejò náà ni ọ̀pọ̀ fẹ́, wọn kò fẹ́ wọn ní àna. Nígbà tí Emmi fi ọkọ rẹ̀ han àwọn ọmọ rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn fi ẹsẹ̀ fọ́ tẹlifíṣọ̀n ìyá rẹ̀. Onísọ́ọ̀bù kọ̀, kò tajà fún Ali. Àwọn tí Emmi ń bá ṣiṣẹ́ kò bá a jókòó jẹun mọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùwòran ń bá ọ̀rọ̀ náà dé, wọ́n á ní fíìmù nípa ìkórìíra àlejò ni. Ọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tọkọtaya náà lọ sinmi, wọ́n padà dé, wọ́n bá ẹ̀rín lójú gbogbo ènìyàn. Onísọ́ọ̀bù ń wá oníbàárà. Aládùúgbò ń wá àyè tí yóò kó ẹrù sí. Ọmọ tí ó fọ́ tẹlifíṣọ̀n ń wá ẹni tí yóò bá òun tọ́jú ọmọ. Ẹ̀rín ọjà ni wọ́n ń rín.

Ìgbà tí ogun òde rọlẹ̀ yìí gan-an ni ti ilé bẹ̀rẹ̀. Ali ní òun fẹ́ jẹ kúsúkúsù, Emmi sì fèsì pé kí nǹkan Jámánì mọ́ ọn lára. Ó ní kí àwọn ọ̀rẹ́ òun wá fọwọ́ kan iṣan apá ọkọ òun, bí ẹni ń yẹ ẹran wò ní káràá. Nígbà tí obìnrin Yugosláfíà kan sì dé ibi iṣẹ́ wọn, Emmi tí wọ́n ti ta nù rí bá wọn ta ìyẹn nù.

Àwọn kan yóò ní kí ni ti oúnjẹ nínú ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ṣùgbọ́n Ali kì í ṣe orúkọ ọkùnrin yìí. Orúkọ tirẹ̀ gùn gbọọrọ, àwọn Jámánì ni wọ́n gé e kúrú, ó sì ń jẹ́ ẹ fún wọn. Yorùbá tí ó ka orúkọ sí yóò mọ bí èyí ti wúwo tó. Ẹni tí orúkọ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwo kúsúkúsù kan ni ilé tí ó ṣẹ́ kù fún un. Abájọ tí ó fi gba ọ̀dọ̀ Barbara lọ, obìnrin onílé ọtí tí ó mọ̀ ọ́n sè.

Emmi tún wá a lọ sí ilé ọtí náà, wọ́n sì tún jó. Lórí ijó ni Ali ṣubú. Dókítà ní ọgbẹ́ inú ni, pé ó wọ́pọ̀ lára àwọn òṣìṣẹ́ àlejò, pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà yóò tún padà wá. Emmi ní òun yóò sa gbogbo ipá òun kí ó má padà. Ó jókòó ti ibùsùn, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó ń sunkún.