Àìtọ́jú Ni Ó Pa Ojú Irin Wa

Ọ̀rọ̀ ojú irin ni a fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tó wà ní Ṣábẹ̀, ó kan ẹni tó wà ní Ìdáṣà, ó kan ẹni tó wà ní Pọbẹ̀. Ó kan àwọn ará wa ní Àtàkpàmé ní Tógò pẹ̀lú.

Ní ọdún 1900 ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà irin láti Kútọnu lọ sí òkè. Ọdún 1936 ni ó tó dé Párákù. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 438 kìlómítà. Wọ́n fi ipá mú àwọn bàbá wa ṣe iṣẹ́ nígbà náà, ọdún 1946 ni òfin tó fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe jáde. Òógùn wọn ni a fi sílẹ̀ tí koríko hù bò. Ọkọ̀ tó máa ń kó èrò àti ẹrù láti Kútọnu dé Párákù déédéé ti dákẹ́.

Bí ẹ bá bèèrè ohun tó fà á, ọ̀pọ̀ èèyàn yóò dáhùn pé: "Ọkọ̀ ti gbó. Kí ìjọba ra tuntun." A kò gbà bẹ́ẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí ojú irin bá ti bàjẹ́, ọkọ̀ tuntun kò lè rìn lórí rẹ̀. Ohun tó yẹ kí á kọ́kọ́ bèèrè fún ni àwọn ẹ̀rọ tí ń tún ojú irin ṣe, àti owó tí wọn yóò fi máa ṣiṣẹ́ lọ́dọọdún.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ojú irin ṣe rí. Irin gbọọrọ méjì ni ọkọ̀ ń gùn. Lábẹ́ wọn ni àwọn ìdábùú wà. Ìdábùú lè jẹ́ igi tàbí irin tàbí kọnkéré. Òun ló di irin méjèèjì mú kí wọ́n má baà ya ara wọn. Lábẹ́ ìdábùú ni òkúta wẹ́wẹ́ wà. Ẹ má fojú kékeré wo òkúta yìí. Òun ló ń gbé ẹrù ọkọ̀, òun ló sì ń jẹ́ kí omi òjò rí ọ̀nà kọjá.

Nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ bá kọjá, òkúta yóò sún díẹ̀. Àwọn kan yóò fọ́ di ìyẹ̀fun. Erùpẹ̀ yóò dà pọ̀ mọ́ ọn, omi kò ní rí ọ̀nà lọ mọ́. Ibì kan yóò rì, ibì kan yóò wà lókè. Ọkọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Awakọ̀ yóò dín eré kù. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tún un ṣe, lọ́jọ́ kan ọkọ̀ yóò já kúrò lórí irin. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Láyé àtijọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ló ń fi ọwọ́ ki òkúta sí abẹ́ ìdábùú. Lónìí, ẹ̀rọ kan wà tí Faransé ń pè ní bourreuse. Orí irin ni òun fúnra rẹ̀ ń rìn. Ó kọ́kọ́ ń wọn irin láti mọ ibi tó rì àti ibi tó wọ́. Lẹ́yìn náà, ó gbá irin mú, ó gbé e sókè títí tí yóò fi dọ́gba, ó sì tì í sí ààyè rẹ̀. Bí ó ti gbé e dání, ó ki àwọn ìka irin rẹ̀ bọ inú òkúta ní apá méjèèjì ìdábùú. Àwọn ìka náà ń gbọ̀n, bíi ìgbà 35 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n sún mọ́ ara wọn, wọ́n fún òkúta pọ̀ sí abẹ́ ìdábùú gírígírí. Ó parí èyí, ó bọ́ sí ìdábùú tó kàn. Àwọn ńlá kan wà tó ń ki ìdábùú mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀rọ mìíràn ń fọ òkúta mọ́. Ó ní ṣéènì eléyín tó ń gba abẹ́ irin kọjá, tó ń wa òkúta jáde. Ó ń da òkúta náà sórí ajọ̀ ńlá tó ń mì, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe ń jọ̀ gàrí. Ó da èyí tó dára padà sábẹ́ irin, ó sì da erùpẹ̀ nù. Ẹ̀rọ kẹta ní abẹ ńlá bíi ti katapílà. Òun ló ń wọ́ òkúta jọ sí ibi tó yẹ.

Ohun àtijọ́ ni àwọn ẹ̀rọ yìí. Ọdún 1945 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ Matisa tí ń ṣe wọ́n sílẹ̀ ní Súwísì. Ọdún 1953 ni Plasser & Theurer bẹ̀rẹ̀ ní Ọ́sítríà.

Ẹnì kan yóò wí pé: "Wọ́n gbówó lórí." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ wa mọ àáró. Ẹni tí kò lè dá oko rẹ̀ ro, ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dáwọ́ pọ̀. Mítà kan ló wà láàrin irin méjèèjì ní Benin, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Tógò. Ẹ̀rọ tó bá lè ṣiṣẹ́ níbí lè ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Òótọ́ ni pé ojú irin méjèèjì kò pàdé, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá lè gbé ẹ̀rọ gba títì lọ. Kí ló dé tí orílẹ̀-èdè méjèèjì kò lè jọ rà á, kí wọ́n sì máa lò ó ní àlòyípo?

Ẹlòmíràn yóò wí pé ẹ̀rọ yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. Ìbẹ̀rù yẹn tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í ro koríko, kì í la gọ́tà, kì í sì í tún ara rẹ̀ ṣe. Èèyàn ni yóò wà á, èèyàn ni yóò sì máa tọ́jú rẹ̀. Ojú irin tó dákẹ́ kò gba ẹnì kan síṣẹ́. Òun ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta oúnjẹ ní ibùdókọ̀, àti lọ́wọ́ àwọn aláàárù.

Ẹ wo orílẹ̀-èdè Niger. Wọ́n ṣe bíi 140 kìlómítà irin tuntun láti Niamey dé Dosso, wọ́n ṣí i pẹ̀lú ayẹyẹ ní ọdún 2016. Ọkọ̀ kò rìn lórí rẹ̀ déédéé rí. Ayẹyẹ kì í gbé ẹrù.

Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ tiwa náà. Ẹni tó ń kó òkúta ojú irin lọ kọ́lé, ilé gbogbo wa ló ń wó. Ẹni tó ń da ìdọ̀tí sórí rẹ̀ ń dí ọ̀nà omi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà báyìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọkọ̀ tuntun tàn yín mọ́. Ilé amọ̀ tí a kò rẹ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn, òjò ni yóò wó o. Bí àwọn tó ń wá ìbò bá ṣèlérí ojú irin fún yín, ẹ bi wọ́n léèrè pé: ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Ẹ̀rọ wo ni yóò fi ṣe é? Owó rẹ̀ dà lọ́dọọdún? Ẹ kọ èsì wọn sílẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé náà pamọ́ di ọjọ́ tí wọn yóò tún padà wá.