Àròkàn Kì Í Ṣe Ìrònú

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti sin ewúrẹ́ rí yóò ti ṣàkíyèsí ohun kan. Ní ọ̀sán, ewúrẹ́ a máa já ewé lọ́tùn-ún lósì, a sì máa gbé e mì kánkán bí ẹni tí olóko ń lé bọ̀. Nígbà tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, tí ó bá dùbúlẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ẹnu rẹ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ewé kan níwájú rẹ̀. Àpọ̀jẹ ni ó ń jẹ. Ohun tí ó ti gbé mì ni ó ń dá padà sí ẹnu, tí ó ń rún un kúnná, kí ó tó tún un gbé mì lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀nà mẹ́rin ni ikùn rẹ̀ pín sí fún iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ náà kò sì já sí asán, nítorí pé àpọ̀jẹ yìí ni ó ń di ẹran àti wàrà fún un.

Ọmọ ènìyàn náà a máa jẹ àpọ̀jẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ tí a ti sọ tán, ìtìjú tí ó ti kọjá, àṣìṣe àná àti ẹ̀rù ọ̀la ni òun ń dá padà sí ọkàn rẹ̀ ní òru. Àwọn baba wa mọ ìwà yìí, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ: àròkàn ni wọ́n pè é. Wọ́n tún sọ ibi tí ó ń gbé ni lọ: wọ́n ní àròkàn ní í fa ẹkún àsun-ùn-dá. Ohun tí mo fẹ́ fi yé ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni pé àròkàn kì í ṣe ìrònú, bí ó tilẹ̀ wọ ẹ̀wù ìrònú. Àti pé òun ni ó ń bọ́ ọ̀pọ̀ nínú àníyàn tí ó ń dà yín láàmú.

Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì? Ìrònú a máa rìn, àròkàn a máa yí. Ẹni tí ó ń ronú gbéra láti ibi ìṣòro kan, ó sì ń lọ sí ibi ìpinnu. Bí ó bá dé ibẹ̀, yóò dìde, yóò sì ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣe àròkàn dà bí ẹran tí a so mọ́ èèkàn. Láti òwúrọ̀ ni ó ti ń rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì sinmi, ṣùgbọ́n èèkàn ni ó ń yí po. Bí ó ti ń yí i ni okùn ń lọ́ mọ́ ọn, tí àyè rẹ̀ ń dínkù, títí ọrùn rẹ̀ yóò fi kan igi. Ó ti rìn púpọ̀, kò sì dé ibì kan.

Ẹ wo àwọn ọmọ méjì tí wọ́n kùnà nínú ìdánwò ìṣirò kan náà. Ọ̀kan bi ara rẹ̀ pé, "Ìbéèrè wo ni mo ṣì? Ta ni ó lè fi ọ̀nà rẹ̀ hàn mí? Ọjọ́ wo ni n óo tún un ṣe?" Ìbéèrè mẹ́ta ni, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì ní ìdáhùn. Èkejì dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn rẹ̀, ó ń wí pé, "Èéṣe tí ó fi jẹ́ èmi? Irú orí wo ni mo gbé wá? Kí ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sọ nípa mi? Bí mo bá tún kùnà ní ọdún tí ń bọ̀ ńkọ́?" Kò sí olùkọ́ kan, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó, tí ó lè dáhùn ìwọ̀nyí. Ẹ sì kíyè sí i pé ìbéèrè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì parí sí iwájú. Báyìí ni àròkàn ṣe ń di àníyàn. Àròkàn a máa wo àná, a máa ké pé, "Èéṣe?" Àníyàn a máa wo ọ̀la, a máa ké pé, "Bí ó bá wá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?" Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, bí ọ̀kan bá wọlé, èkejì kì í pẹ́ kan ilẹ̀kùn.

Mo ní ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀kúnkúndùn. Ní ilé-ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí ó mọ ìwé, tí kì í sì í ṣe aláriwo. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a ní kí ó ka ìwé sí etí gbogbo ilé-ìwé. Níbi tí ó yẹ kí ó ti pe ọkọ̀, ọkọ́ ni ó pè, ó sì di pé àlejò inú ìtàn náà wọ ọkọ́ wá láti Ìbàdàn. Gbogbo ilé-ìwé bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi, nítorí pé èmi ni mo yàn án. Mo wí fún un pé, "Lọ jókòó, kí o sì lọ ro ohun tí o ṣe."

Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ju bí mo ti fẹ́ lọ. Láti ọjọ́ náà, kò na ọwọ́ sókè mọ́ nínú kíláàsì. Bí àwọn ọmọ bá ń rẹ́rìn-ín ní ilé oúnjẹ, ó rò pé òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Bí ó bá dùbúlẹ̀ ní alẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ni ó ń gbọ́. Nígbà tí ìdánwò dé, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ìwé òfìfo ni ó sì fi lé mi lọ́wọ́. Baba rẹ̀ sì ti sọ pé bí ó bá tún kùnà lẹ́ẹ̀kan sí i, òun yóò mú un kúrò ní ilé-ìwé. Mo pè é sí yàrá mi, mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o kò ronú tó." Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, láti ọjọ́ tí ẹ ti ní kí n lọ rò ó, èmi kò tí ì ro nǹkan mìíràn." Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ohun tí mo pè ní oògùn ni mo ti fi pa ọmọ lára.

Kì í ṣe ọmọ yìí nìkan ni irú èyí ń bá. Ní ọdún 1960, oníṣègùn ọpọlọ kan tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ Kánádà, Raymond Prince, kọ̀wé nípa àìlera kan tí ó rí láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní orí ń gbóná àwọn, tàbí pé ó ń ṣe àwọn bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀; ojú wọn ń ṣe bàìbàì sí ìwé, ohun tí wọ́n kà kò sì dúró lọ́kàn wọn mọ́. Ìwé àkàjù ni àwọn fúnra wọn dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn Prince ti tọ́ka sí àníyàn. Èrò tèmi náà ni pé ìwé tí a ń kà kì í sábà wúwo tó ohun tí a ń rò sórí rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kejì wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Obìnrin onímọ̀ kan, Susan Nolen-Hoeksema, tí ó ń kọ́ni nígbà náà ní yunifásítì Stanford, bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan léèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe nígbà tí ìbànújẹ́ bá dé bá wọn. Ọjọ́ 14 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 1989, ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá kan ṣẹlẹ̀ ní àgbègbè náà. Òun àti Jannay Morrow padà tọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ lẹ́yìn ọjọ́ 10, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 7. Ìmìtìtì kan náà ni ó dé bá gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti sọ àròkàn di àṣà kí ilẹ̀ tó mì ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìdààmú bá fínra jù. Ní ọdún 2000, Nolen-Hoeksema tẹ ìwádìí mìíràn jáde tí ó fi hàn pé kì í ṣe ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan ni àròkàn ń bá rìn, ó ń bá àníyàn rìn pẹ̀lú.

Báwo ni ó ṣe ń rí bẹ́ẹ̀? Èkínní, ìrántí búburú kan a máa pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àṣìṣe kan ní alẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò ti ka àṣìṣe ọdún mẹ́ta, títí yóò fi dà bí ẹni pé òun kò ṣe rere kan rí. Èkejì, ara kì í dúró kí ewu tó dé. Bí a bá ro ohun tí ń dẹ́rù bani, àyà a máa lù kì-kì-kì, òógùn a bò wá, oorun a sì dá lójú wa. Nígbà náà ni a óo wá mú àyà tí ń lù náà bí ẹ̀rí pé ewu ń bọ̀ ní tòótọ́. Ẹ̀kẹta, àròkàn a máa jí àkókò iṣẹ́ gbé. Ìwé tí ó yẹ kí a kà wà níbẹ̀ láìkà, ìdánwò sì ń súnmọ́lé. Ẹ̀rù tí kò nídìí tẹ́lẹ̀ ti wá ní ìdí. Èyí tí ó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ẹni tí ó ń ṣe é rò pé òun ń ṣiṣẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí ó ti oko dé, bẹ́ẹ̀ ni kò kọ ebè kan.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé, "Olùkọ́, ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọdé di aláìbìkítà ni? Ṣé àwọn àgbà kò ti wí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn?" Òtítọ́ ni. Ẹni tí kò bá wo ohun tí ó gbé e ṣubú yóò tún ṣubú níbẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fetí sí òwe náà dáadáa. Wọ́n ní àgbà wo ẹ̀yìn. Wọn kò ní àgbà jókòó sí ibi tí ó ṣubú sí. Ó wo òkúta tí ó gbé e ṣubú, ó mọ̀ ọ́n, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. N kò sì sọ pé kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ má sunkún; ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Kò wúlò kí a máa sọ fún ọkàn pé, "Má rò ó mọ́," nítorí pé ohun tí a bá ní kí ọkàn má rò gan-an ni yóò máa rò. Ohun tí ó dára ni kí a pààrọ̀ ìbéèrè. Edward Watkins, onímọ̀ kan ní yunifásítì Exeter ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ọdún púpọ̀ yẹ èyí wò: ẹni tí ó bá fi "Èéṣe tí mo fi rí báyìí?" sílẹ̀, tí ó sì ń béèrè pé, "Báwo ni ó ṣe ṣẹlẹ̀, kí sì ni ìgbésẹ̀ tí ó kàn?" ni ó ń rí ọ̀nà jáde. Lẹ́yìn èyí, kí a fún àníyàn ní àkókò tirẹ̀. Ní ọdún 1983, Thomas Borkovec àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn aláníyàn yan ààbọ̀ wákàtí lójúmọ́, ní ibì kan náà àti ní àkókò kan náà. Bí àníyàn bá dé ní àkókò mìíràn, wọn yóò ní kí ó dúró de wákàtí rẹ̀. Àníyàn àwọn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ dínkù. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni kí a sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹlòmíràn, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Báyìí ni èmi àti ọmọ náà ṣe ṣe é. A jókòó, a kọ ohun tí ń bà á lẹ́rù sílẹ̀. Ohun tí ó ti ń yí lọ́kàn rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò ju ìlà mẹ́ta lọ lórí ìwé. Ó kọ́kọ́ ka ìwé sí etí èmi nìkan, lẹ́yìn náà sí etí ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà sí etí kíláàsì. Ó tún ṣi ọ̀rọ̀ kan pè níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó tún un pè, ó sì kà á dé òpin. Ó ṣe ìdánwò tí ó tẹ̀ lé e, baba rẹ̀ kò sì mú un kúrò. Ó sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ọkọ́ náà ṣì máa ń wá ní òru nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lọ mọ́.

Nítorí náà, àwa àgbà ni mo kọ́kọ́ bá wí. Bí a bá sọ fún ọmọ pé, "Lọ rò ó," ẹ jẹ́ kí a fi kún un pé, "Bí o bá rò ó tán, wá bá mi." Ẹ̀yin ọmọ mi, bí àròkàn bá gba oorun àti oúnjẹ lọ́wọ́ yín fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì, ẹ má ṣe fi í pamọ́, ẹ sọ fún òbí tàbí olùkọ́ yín, kí a sì mú yín dé ilé ìwòsàn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún ibà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Nígbà tí ewúrẹ́ bá jẹ àpọ̀jẹ rẹ̀ tán, a gbé e mì, a dìde, a sì gba ọ̀nà rẹ̀ lọ. Èyí tí kò bá ṣe é gbé mì, ẹ má ṣe rún un títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ gbé e tọ ẹni tí yóò bá yín yẹ̀ ẹ́ wò lọ.