Lítà Tí Awakọ̀ Bá Tọ́jú, Kí Ó Jẹ Nínú Rẹ̀

Ẹni tí ó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ afárá Òkè-Àfà, ní Ìsọlọ̀, nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú, yóò rí àwọn ọkọ̀ àjàgbé tí wọ́n ń wọ́ lọ bí ìgbín. Àwọn kan jẹ́ ọkọ̀ agbépo tí ń lọ sí ibùdó ìpamọ́ epo ní Èjìgbò, tàbí tí ó ń ti ibẹ̀ bọ̀. Àwọn mìíràn gbé kọ̀ńténà láti èbúté Àpápá, wọ́n sì yà kúrò ní òpópónà Òṣòdì sí Àpápá láti wá já ẹrù sí ilé iṣẹ́ àti ilé ìkẹ́rùsí. Bí ìlà bá dúró, ọ̀pọ̀ wọn kì í pa ẹ́ńjìnnì. Mọ́tò ń kùn, èéfín ń rú, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ń sùn, awakọ̀ ń wo ìdí ọkọ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀. Owó ni ó ń jóná bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe owó onímọ́tò nìkan. Owó tí oníṣòwò yóò fi kún àpò ìrẹsì wà níbẹ̀, èyí tí yóò fi kún páànù òrùlé àti àpò símẹ́ǹtì náà wà níbẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, lítà dísẹ́ẹ̀lì kan kò tó 300 náírà. Ní oṣù kejì ọdún náà, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Rọ́ṣíà àti Ukraine, nígbà tí ọdún 2023 yóò sì fi bẹ̀rẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì ti kọjá 800 náírà. Lẹ́yìn náà ni iye náírà fúnra rẹ̀ já wálẹ̀, tí dísẹ́ẹ̀lì sì gòkè kọjá 1,200 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi, kí ilé ìfọpo Dangote tó kéde ní oṣù kẹrin ọdún 2024 pé 1,000 náírà ni òun yóò máa ta lítà kan fún àwọn alágbàtà. Láti ìgbà náà, iye tí wọ́n ń ta lítà kan ni ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń béèrè pé lítà mélòó ni ọkọ̀ ń jẹ láti ibì kan dé ibòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni apá onímọ́tò kò ká ìbéèrè àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ká èkejì.

Ibi mẹ́rin ni dísẹ́ẹ̀lì ń gbà lọ jù lára ọkọ̀ tí ó ń fa ẹrù. Èkíní ni ìdìde àti ìdúró. Ọkọ̀ tí òun àti ẹrù rẹ̀ wọn tọ́ọ̀nù 30 kì í kúrò lójú kan lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá fi ìkánjú fún un níná, tí ó tún tẹ bíréèkì lójijì lẹ́yìn ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún mítà, ńṣe ni ó ń sọ agbára tí ó fi epo rà di ooru lásán lára bíréèkì. Awakọ̀ tí ó fi àlàfo sílẹ̀ níwájú, tí ojú rẹ̀ ń ríran jìnnà, tí ó sì ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná kí ó tó dé ibi tí yóò ti dúró, yóò jẹ epo tí ó kéré sí ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ kan náà àti ẹrù kan náà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Èkejì ni afẹ́fẹ́. Bí ọkọ̀ bá fi eré rẹ̀ ṣe ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì í padà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Awakọ̀ tí ó kúrò lórí kìlómítà 60 ní wákàtí kan bọ́ sí 80 rò pé eré díẹ̀ ni òun fi kún un, ṣùgbọ́n ìdènà afẹ́fẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Tapólì tí wọn kò dè dáadáa, tí ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí ẹrù, tún ń dá kún un.

Kì í ṣe ọkọ̀ Èkó nìkan ni òfin afẹ́fẹ́ yìí mú. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìdílé a máa so ilé kékeré onítáyà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ń lo dísẹ́ẹ̀lì bí wọ́n bá ń lọ fún ìsinmi. Ohun tí wọ́n ń fà fúyẹ́ jìnnà sí kọ̀ńténà, síbẹ̀ kò pẹ́ tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n lára pé epo tí ó ń gbé wọn dé ìlú kan tẹ́lẹ̀ kò gbé wọn débẹ̀ mọ́, nítorí pé iwájú ilé náà dojú kọ afẹ́fẹ́ bí ògiri. Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń fún ara wọn ni pé kí awakọ̀ dín eré kù. Ìjọba wọn pàápàá ti fi èyí ṣe òfin rí. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dá epo dúró fún wọn ní ọdún 1973, wọ́n ṣe òfin ní ọdún 1974 pé kí eré má ṣe kọjá máìlì 55 ní wákàtí kan, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 88, kí epo lè tó lò.

Òfin ojú pópó ti Nàìjíríà tilẹ̀ ti fi ààlà tí ó kéré sí èyí fún ọkọ̀ àjàgbé àti ọkọ̀ agbépo: kìlómítà 60 ní wákàtí kan lórí òpópónà ńlá. Ẹ̀mí ènìyàn ni ọ̀pọ̀ rò pé òfin náà wà fún. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń tọ́jú àpò onímọ́tò pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta ni táyà. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó a máa rọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì a sì máa fi agbára wọ́ ọ. Àwọn onímọ̀ nípa ọkọ̀ ẹrù a máa ṣírò rẹ̀ pé bí afẹ́fẹ́ táyà bá fi PSI 10 dín sí bí ó ti yẹ, epo tí ọkọ̀ ń jẹ yóò fi nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ìyẹn lè dà bí nǹkan kékeré, ṣùgbọ́n táyà tí kò ní afẹ́fẹ́ tó a tún máa gbóná, èyí tí ó gbóná ni ó sì ń bẹ́ lójú ọ̀nà. Gééjì ni ó ń sọ òtítọ́ nípa táyà, kì í ṣe ẹsẹ̀ tí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ fi ń ta á. Àárọ̀ ni ó sì yẹ kí wọ́n wọ̀n ọ́n, nígbà tí ó ṣì tutù, nítorí pé táyà tí ó ti rìn yóò fi afẹ́fẹ́ tí ó pọ̀ ju ti òtítọ́ hàn.

Ẹ̀kẹrin ni ìdúró láìpa ẹ́ńjìnnì, èyí tí ojú Òkè-Àfà rí jù. Ìṣirò ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára fi hàn pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àjàgbé ńlá tí ó dúró lójú kan ń jó nǹkan bí lítà mẹ́ta dísẹ́ẹ̀lì ní wákàtí kan. Bí ọkọ̀ bá dúró lórí ìlà fún wákàtí márùn-ún láìpa ẹ́ńjìnnì, lítà 15 ti lọ láìjẹ́ pé ọkọ̀ kúrò lójú kan. Bí lítà kan bá jẹ́ 1,000 náírà, 15,000 náírà ti di èéfín. Àwọn ọmọ tí ń gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ sí ilé ìwé ni wọ́n sì ń fa èéfín náà símú.

Ó yẹ kí á fi ti mẹkáníìkì kún un. Asẹ́ afẹ́fẹ́ tí eruku ti dí àti nọ́súlù tí ń tú epo jù yóò jẹ́ kí epo jó láìjó tán. Èéfín dúdú tí ń jáde lọ́pọ̀ yanturu kì í ṣe àmì agbára, epo tí kò jóná tán ni.

Kò sí èyí tí ó ṣòro láti lóye nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Àwọn awakọ̀ àgbà mọ̀ wọ́n ju ẹni tí ó kà wọ́n nínú ìwé lọ. Kí ló wá dé tí wọn kì í ṣe wọ́n? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò ń gbà san owó. Onímọ́tò ni ó ń ra epo, ẹsẹ̀ awakọ̀ ni ó sì wà lórí iná. Bí awakọ̀ bá fi sùúrù wakọ̀ tí epo sì ṣẹ́kù, onímọ́tò ni èrè náà jẹ́ tirẹ̀. Nígbà mìíràn ńṣe ni yóò tún dín epo ìrìn àjò tí ó kàn kù. Bí awakọ̀ bá sáré, yóò tètè dé, yóò sì rí ẹrù mìíràn gbé. Ètò yìí ń fìyà jẹ onísùúrù, ó sì ń san owó fún oníwàǹwára. Ẹni tí ó bá wá rí awakọ̀ tí ń fa epo jáde láti inú táńkì tà lójú ọ̀nà yẹ kí ó bínú sí i, nítorí olè ni. Ṣùgbọ́n kí ó béèrè pẹ̀lú pé ọ̀nà ẹ̀tọ́ wo ni wọ́n ṣí sílẹ̀ fún un láti jẹ nínú epo tí ó tọ́jú.

Ọ̀nà náà kò ju pé kí wọ́n jọ pín in lọ. Kí onímọ́tò kún táńkì dé ẹnu kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ó tún kún un dé ẹnu nígbà tí ó bá padà dé, kí ó sì kọ iye lítà tí ó wọlé sínú ìwé. Kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìrìn àjò bíi mẹ́fà lórí ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ìwọ̀n ẹrù kan náà. Iye tí ó bá wà láàárín ni kí òun àti awakọ̀ fẹnu kò lé lórí. Ohunkóhun tí ó bá ṣẹ́kù lára rẹ̀ lẹ́yìn náà, kí wọ́n dá owó rẹ̀ sí méjì. Ká ní ọkọ̀ kan ń jẹ lítà 45 ní kìlómítà 100. Láti Èkó dé Kánò jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 1,000, èyí jẹ́ lítà 450 ní àlọ nìkan. Bí awakọ̀ bá fi ẹ̀sọ̀ àti táyà tí ó pé dín ìdá kan nínú mẹ́wàá kù, lítà 45 ti wọlé. Bí lítà bá jẹ́ 1,000 náírà, 22,500 náírà yóò kan awakọ̀, iye kan náà yóò kan onímọ́tò, kò sì sí ẹni tí ó jí nǹkan ẹnikẹ́ni.

Ewu kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí á fojú fò. Awakọ̀ tí ó ń wá epo tí yóò ṣẹ́kù lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jíà sí fíríì ní ìdagẹ̀rẹ́, kí ọkọ̀ lè máa yí fúnra rẹ̀. Àṣà náà ti wà tipẹ́, àṣìṣe sì ni. Bí ọkọ̀ bá wà nínú jíà tí ẹsẹ̀ sì kúrò lórí iná ní ìdagẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni ó ń yí ẹ́ńjìnnì, ẹ̀rọ tí ń pín epo a sì dá epo dúró. Bí ó bá wà ní fíríì, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jó epo kí ó má baà kú. Nítorí náà, fíríì kò tọ́jú epo, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ju gbogbo ìwúwo ẹrù lé bíréèkì nìkan lórí. Bíréèkì tí ó bá gbóná jù kì í mú mọ́. Nítorí ìdí èyí, àdéhùn pínpín epo gbọ́dọ̀ ní ìlànà tirẹ̀: kò sí fíríì ní ìdagẹ̀rẹ́, eré kò gbọdọ̀ kọjá òfin, ẹrù kò gbọdọ̀ kọjá ìwọ̀n, wákàtí ìsinmi awakọ̀ kò sì gbọdọ̀ yẹ̀. Ẹni tí ó bá rú èyíkéyìí nínú wọn pàdánù ìpín tirẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ọkọ̀ ògbólógbòó ni ìṣòro náà, pé ọkọ̀ tí ń lo gáàsì CNG ni ọ̀nà àbáyọ. Ìjọba àpapọ̀ ti ń polongo rẹ̀ láti ọdún 2023, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá sì ti ń rà á. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n onímọ́tò tí gbogbo ohun ìní rẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ kan tàbí méjì kò ní rí i rà lọ́la, táyà tí ó rọ̀ yóò sì fi gáàsì ṣòfò bí ó ti ń fi dísẹ́ẹ̀lì ṣòfò.

Àwọn awakọ̀ náà ní ẹjọ́ tí ó tọ́ láti rò. Kò sí ẹ̀sọ̀ tí ó lè tọ́jú epo lórí ìlà tí kò rìn. Ní oṣù kejì ọdún 2021, àjọ tí ń bójú tó èbúté bẹ̀rẹ̀ ìlànà ìpè orí ẹ̀rọ tí wọ́n sọ ní Ètò, kí ọkọ̀ àjàgbé lè dúró sí ibùdó títí wọn yóò fi pè é wọ Àpápá. Èrò inú rẹ̀ dára, nítorí pé ọkọ̀ tí ó mọ wákàtí tí yóò wọlé lè pa ẹ́ńjìnnì. Irú rẹ̀ ni ó yẹ kí ó wà fún àwọn ọkọ̀ agbépo tí ń lọ sí Èjìgbò: ibùdó tí ó ní ààbò, àti wákàtí tí ẹni tí ó fi í lélẹ̀ kò ní yẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn tí ó ni ibùdó epo ni iṣẹ́ yìí já lé léjìká.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí onímọ́tò dúró dè wọ́n. Gééjì táyà, ìwé kékeré kan àti bírò kò ní kó gbèsè bá ẹnikẹ́ni. Ìdajì owó epo tí ó bá ṣẹ́kù, tí wọ́n kà lé awakọ̀ lọ́wọ́ lójú ẹlẹ́rìí ní ọjọ́ tí ó padà dé, ni yóò kọ́ ọ pé lítà tí òun tọ́jú kì í ṣe ti ẹlòmíràn nìkan.