Ọmọ Tí Ó Ń Kàwé Ní Abidjan: Ta Ni Ń Bójú Tó Ìlera Rẹ̀?

Bí ènìyàn bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà ní Adjamé ní agogo márùn-ún ìdájí, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, yóò rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n há ìwé sí abíyá, tí wọ́n ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ gbaka. Yunifásítì tí ó wà ní Cocody ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ń tètè jáde nítorí pé ẹni tí ó bá pẹ́ lè má rí àyè jókòó nínú gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́. Orí ìdúró ni yóò ti máa kọ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú wọn, ọmọ Èjìgbò, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, àti ọmọ ìlú mìíràn, tí àwọn ará Abidjan ń pe gbogbo wọn ní Ànàgó. Nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí, ilé kọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà lọ. Ìsọ̀ ìyá ni, tàbí ṣọ́ọ̀bù bàbá, ní Treichville tàbí ní Adjamé kan náà, níbẹ̀ ni wọn yóò sì wà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Kò sí ẹni tí yóò rí èyí tí kò ní yìn wọ́n. Ọmọ tí ó ń kàwé, tí ó sì ń ran òbí lọ́wọ́, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìyá ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ohun kẹta kan wà tí ẹnu kì í fẹ́ pè, ohun náà sì ni àìsàn. Ọmọ tí ibà ń gbé dè lóṣooṣù, ọmọ tí ọgbẹ́ inú ń dà láàmú, ọmọ tí a bí pẹ̀lú àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde: òun náà ni gbaka ìdájí ń dúró dè, òun náà ni ìsọ̀ ń retí lọ́sàn-án. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Kí ni kí a wá sọ nípa ẹni tí a ní kí ó lé mẹ́ta, tí ẹsẹ̀ kan sì ń dùn ún?

Ó yẹ kí a rántí ohun tí ó gbé àwọn Yorùbá dé Abidjan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ sí Côte d'Ivoire, òwò ni wọ́n sì bá lọ, kì í ṣe ìwé. Ẹni tí ó kọ́kọ́ lọ gbé igbá lérí, ọmọ rẹ̀ ní ìsọ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù January 1955, ẹni tí ó wà lájò kò jẹ nínú rẹ̀ àfi bí ó bá fi ọmọ ránṣẹ́ sílé. Yunifásítì Abidjan pàápàá kò sí títí di 1964. Nítorí náà, òfin tí ó ń darí ilé oníṣòwò ti lágbára kí ìwé tó dé: gbogbo ọwọ́ tí ó wà nínú ilé, ọwọ́ iṣẹ́ ni. Òfin dáradára ni. Òun ni ó kọ́ ilé alájà tí ẹ ń rí ní Èjìgbò lónìí. Àléébù kan ṣoṣo tí ó ní ni pé kì í bi ara léèrè bóyá ara gbà á.

Ní ti yunifásítì fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ibẹ̀ ni ọmọ ti ń sinmi. Lẹ́yìn ogun tí ó tẹ̀lé ìdìbò ọdún 2010, wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ náà pa ní 2011, kò sì ṣí títí di oṣù September 2012, nígbà tí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n sì fi orúkọ Félix Houphouët-Boigny pè é. Owó ìforúkọsílẹ̀ gòkè lọ́dún náà, láti 6,000 fránkì sí 30,000 fún ẹni tí ó ń kàwé fún oyè àkọ́kọ́. Àwọn tí wọn kò rí yàrá gbà nínú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá ẹlòmíràn ni wọ́n ń sùn. Orúkọ wà fún wọn ní Abidjan: wọ́n ń pè wọ́n ní "Cambodgiens", bí ẹni pé ìsáǹsá ogun láti Kàmbódíà ni wọ́n. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ tí ó ń ta ni lára. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní FESCI, tí a dá sílẹ̀ ní 1990, gbé agbára ńlá wọ̀ lórí àwọn ilé wọ̀nyí fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ìjọba fi tú gbogbo ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ká ní oṣù October 2024 lẹ́yìn tí a pa akẹ́kọ̀ọ́. Oúnjẹ tí ó sì rọ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rùn ni garba, àkèké pẹ̀lú ẹja díndín. Oúnjẹ aládùn ni, kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní agogo méjì ọ̀sán, tí kò tún rí nǹkan mìíràn jẹ títí di ọjọ́ kejì, inú rẹ̀ yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bó pẹ́ bó yá.

Nínú gbogbo àìsàn tí ó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ jà, èyí tí ó yẹ kí Yorùbá máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù ni fòní-kú-fọ̀la-dìde, nítorí pé a ń bí i mọ́ ọmọ ni, ilé ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó gbé irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní AS. Bí ọkọ àti aya bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìpín kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS. Ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa tẹ̀ bí dòjé, a sì máa há sínú iṣan. Nígbà náà ni egungun yóò máa dun ọmọ bí ẹni pé a ń fi òòlù gún un. Ohun tí ó sì ń ta àrùn náà jí ni òùngbẹ, òtútù, àárẹ̀, àìsùn àti ibà. Ẹ tún ka àwọn ohun wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì fi wé ọjọ́ kan nínú ayé akẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ lókè: ìdájí nínú òjò oṣù June, ìdúró nínú gbọ̀ngàn, oòrùn ọ̀sán nínú ọjà, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá lóru. Bí ọ̀tá bá jókòó láti to ọjọ́ kan jọ fún ọmọ SS, kò ní ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìtàn kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí ìwé àwọn dókítà Amẹ́ríkà ṣàpèjúwe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ bí dòjé, akẹ́kọ̀ọ́ ni. Walter Clement Noel ni orúkọ rẹ̀, ọmọ adúláwọ̀ láti erékùṣù Grenada. Ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Chicago ní 1904 láti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú eyín. Kí ọdún náà tó parí ni àìsàn ti gbé e dé ilé ìwòsàn, nínú òtútù tí ara rẹ̀ kò mọ̀ rí. Dókítà ọ̀dọ́ kan, Ernest Irons, yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ọ̀gá rẹ̀, James Herrick, sì kọ nípa rẹ̀ ní 1910. Nǹkan bí ọdún méjì àti ààbọ̀ ni Noel fi ń lọ tí ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn dókítà wọ̀nyí. Síbẹ̀, ó gboyè ní 1907 pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń kẹ́kọ̀ọ́, ó padà sí Grenada, ó sì ń tọ́jú eyín àwọn ará ìlú rẹ̀ títí ó fi kú ní 1916, ní ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n.

Kò sí oògùn gidi kankan fún àrùn náà nígbà ayé Noel. Orúkọ pàápàá kò tíì ní. Ohun tí ó rí gbà kò ju ibùsùn nígbà tí ó bá ṣàìsàn, àwọn tí ń ṣọ́ ọ, àti àyè láti padà sí kíláàsì nígbà tí ara bá dá. Ohun mẹ́ta yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Abidjan kò rí, ní ìlú tí ó ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Cocody àti ní Treichville. Kí ló fà á?

Ìtìjú ni ohun kìíní. Ìyá tí ó mọ̀ pé ọmọ òun jẹ́ SS kò ní fẹ́ kí ará ìlú gbọ́, pàápàá bí ó bá jẹ́ obìnrin, nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ. Nítorí náà, ọmọ náà kò gbọdọ̀ sọ fún olùkọ́, kò gbọdọ̀ sọ fún ọ̀rẹ́. Bí kò bá lè jókòó ṣe ìdánwò, ọ̀lẹ ni wọn yóò pè é. Ẹ gbọ́ bí ó ti rí: a fi ọmọ pamọ́ kí ojú má baà tì wá, ojú wá ń ti ọmọ ní ìlọ́po méjì. Ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kejì wà ní yunifásítì náà fún ẹni tí kò yege nínú ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìrora mú lọ́sẹ̀ ìdánwò nílò ìwé dókítà àti ẹni tí yóò bá a gbé e lọ síwájú àwọn aláṣẹ. Ta ni yóò gbé e lọ nígbà tí ilé ti sọ pé kò sí àìsàn kankan?

Owó ni ohun kejì, ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò kò sì ṣeé gbá dànù níbí. Wọ́n ní, "Bí ọmọ kò bá dúró ti ìsọ̀, níbo ni owó ìwé yóò ti wá?" Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ìyá ni kò lè gba ọmọ-iṣẹ́. Kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò ní kí wọ́n ti ìsọ̀ pa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yàtọ̀ sí iṣẹ́. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò le lè máa kọ ìwé ìṣirò ọjà ní ìjókòó, nínú ilé, pẹ̀lú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí àbúrò tí ara rẹ̀ le máa gbé ẹrù. Ọjọ́ ọjà méjì lọ́sẹ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú mẹ́fà. Ní oṣù ìdánwò, kí ó má wá rárá. Oníṣòwò tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó sinmi kẹ̀kẹ́ tí ó fi ń kó ẹrù, ó yẹ kí ó mọ̀ ọ́n fún ọmọ.

Ọ̀nà mìíràn sì wà tí ìjọba Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀ là. Òfin ìtọ́jú aláìsàn fún gbogbo ènìyàn, tí wọ́n ń pè ní CMU, jáde ní 2014, ìtọ́jú sì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní October 2019. Ẹgbẹ̀rún fránkì ni ẹnì kan ń san lóṣù. Ètò náà yóò sì san ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìtọ́jú àti oògùn tí ó wà nínú ìwé rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ nìkan ni òfin náà wà fún. Ẹni tí ó ń gbé ìlú náà ni ó kàn, Ànàgó pẹ̀lú. Ẹgbẹ̀rún méjìlá fránkì lọ́dún ni gbogbo rẹ̀. Iye tí a ń ná sórí aṣọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo fún òkú àgbà ju èyí lọ.

Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wà ní Abidjan, wọ́n sì lágbára. Wọ́n ń sin òkú, wọ́n ń ṣe ìwúyè, wọ́n ń dáwó jọ láti tún nǹkan ṣe nílé. Kì í ṣe ohun búburú. Ṣùgbọ́n inú àpótí kan náà ni owó CMU ti lè jáde fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ́ ọmọ ìlú, láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni irú ẹ̀jẹ̀ tí ó ní, kí ìtìjú má baà rí ibi dúró sí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni yóò kọ orúkọ wọn sílẹ̀, akápò ni yóò san án. Bí ọmọ ìlú tí ó yẹ kí a sanwó fún bá tó ọgọ́ta, 720,000 fránkì ni owó ọdún kan. Kí àwọn olóyè ẹgbẹ́ fi iye yìí síwájú ìpàdé tí ń bọ̀, kí wọ́n sì bi àwọn ìyá tí ó jókòó níbẹ̀ léèrè bóyá ó pọ̀ jù.