Ẹ Jẹ́ Ká Jáde, Tọkọtaya, Tọmọtọmọ

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin olùkọ́, nọ́ọ̀sì, awakọ̀, télọ̀ àti alágbàṣe, òógùn yín ni ìlú ń jẹ.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2012, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Lítà bẹntiróòlù tó jẹ́ ₦65 fò di ₦141. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì tí àwọn òṣìṣẹ́ fi tako ẹ̀kúnwó náà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù náà, tèmi tìyàwó tọmọ la fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ọjọ́ta ní Èkó, sí pápá Gani Fawehinmi. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè ẹ̀sìn tàbí ìlú wa. Onímọ́tò, akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ báǹkì, a jọ dúró nínú oòrùn kan náà. Àwọn tí a ò mọ̀ rí ń fún àwọn ọmọ wa lómi mu. Bí a ṣe ń darí bọ̀ wálé, ọmọbìnrin mi bi mí pé, "Bàbá, ṣé ọ̀rọ̀ epo yìí ń dun gbogbo àwọn èèyàn yẹn ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "A mà pọ̀ o!" Ìrètí sọ nínú mi.

Ìrètí náà ò sì jásí asán. Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, ìjọba já owó epo wálẹ̀ sí ₦97. Gbogbo ohun tí a bèèrè kọ́ la rí gbà, ṣùgbọ́n ta ni ì bá dá nìkan rí ìyẹn gbà? Bẹ́ẹ̀ náà ló rí láyé àtijọ́: ní 1945, Michael Imoudu ṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti tìjọba nínú ìyanṣẹ́lódì tó lé lóṣù kan. Àwọn obìnrin ọjà Èkó, tí Alimotu Pelewura jẹ́ olórí wọn, dúró tì wọ́n. Nígbẹ̀yìn, ìjọba amúnisìn fi kún owó àwọn òṣìṣẹ́.

Iṣẹ́ ṣì kù. Ní oṣù Agẹmọ 2024, owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000, òfin sì ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni kí wọ́n máa tún un gbé yẹ̀ wò. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ibi iṣẹ́ yín. Ẹ máa lọ sípàdé. Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n ń fi owó ẹgbẹ́ ṣe. Ẹ fa alágbàṣe tí kò lẹ́gbẹ́ mọ́ra. Tó bá di ọjọ́ kìíní oṣù Èbìbí, tí í ṣe Ọjọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́, ẹ mú ọkọ, aya àtọmọ jáde. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń ṣòfin rí bí a ṣe pọ̀ tó.