Ẹ̀tọ́ Aláìsàn Kì í Ṣe Ojú Àánú

Ní ọjọ́ 31, oṣù Keje, ọdún 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò tó jẹ́ igbákejì ààrẹ nígbà náà ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìwé ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn. Iléeṣẹ́ ètò ìlera àti àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, tí a mọ̀ sí FCCPC lónìí, ni wọ́n jọ ṣètò rẹ̀. Ẹ̀tọ́ 12 ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan lára wọn ni pé kí wọ́n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìlera fún aláìsàn ní èdè tó gbọ́. Ìbéèrè mi nìyí: ilé ìwòsàn alábọ́dé mélòó ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun àti Ìlobùú ni ìwé náà wà lára ògiri wọn ní èdè Yorùbá? Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ lọ wo ti àdúgbò yín.

Kì í ṣe ìwé lásán ni mo ń sọ. Òfin ètò ìlera orílẹ̀-èdè yìí, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní 2014, sọ ní abala 20 pé òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá rú òfin yìí yóò san owó ìtanràn 100,000 náírà, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí kó jìyà méjèèjì. Abala 26 ní kí wọ́n pa àṣírí aláìsàn mọ́. Abala 30 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹjọ́ sùn, ó sì pàṣẹ pé kí ilé ìwòsàn gbé ọ̀nà tí a ó gbà fẹjọ́ sùn síbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé yóò ti rí i.

Kí ni ojú wa ń rí káàkiri? Aláboyún tí ara ń ni yóò dé, èébú ni wọn yóò fi pàdé rẹ̀. Wọn yóò gba owó, wọn kò ní fún un ní rìsíìtì. Wọn yóò di oògùn sínú ọ̀rá, aláìsàn kò ní mọ orúkọ oògùn tó ń gbé mì. Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ìròyìn, mo jókòó ní ilé ìwòsàn kan tí òṣìṣẹ́ ti ń ké àìsàn obìnrin kan láti inú yàrá, tí gbogbo wa tó wà lórí bẹ́ǹṣì sì ń gbọ́. Obìnrin náà bo orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì jáde láìgba oògùn. Bí àìsàn bá pa irú ẹni bẹ́ẹ̀, ta ni a ó bi?

Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fáwọn nọ́ọ̀sì, pé kò sí iná, kò sí oògùn, àti pé ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn ti ré òkun kọjá. Òótọ́ ni. Ta ni kò sì mọ̀ pé ìjà òṣèlú mú kí wọ́n dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣun dúró ní 2025? Ṣùgbọ́n èló ni wọ́n ń ra “Ẹ kú ara líle”? Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Yàtọ̀ sí èyí, òfin 2014 náà ló ní kí wọ́n ya ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìpìlẹ̀ ètò ìlera. Aláìsàn tó ń béèrè omi, ìbọ̀wọ́ àti oògùn kì í ṣe ọ̀tá òṣìṣẹ́. Ohun tí òṣìṣẹ́ nílò gan-an ló ń bá a béèrè.

Ní agbègbè wa yìí, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Ìfọ́n ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Oròlú, Ìlobùú ni ti Ìrẹ́pọ̀dùn, ìtòsí sì ni wọ́n wà síra wọn. Ìjà ilẹ̀ tó dé bá wọn àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun di ohun tí ìjọba fi kéde kónílé-ó-gbélé ní 2025. Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn ní kí wọ́n má ṣe fi ẹ̀yà, ẹ̀sìn, tàbí àìlówó dá ẹnikẹ́ni yà sọ́tọ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ sọ ìlú baba rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìfọ́n, ìlú Òrìṣà Olúfọ́n, tí afín, abuké àti arọ jẹ́ ẹni ọ̀wọ̀ fún, ló yẹ kó kọ́ àwọn ìlú yòókù bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò dá.

Ohun tí a ń fẹ́ kò ṣòro. Kí alága ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì tẹ ẹ̀tọ́ 12 náà jáde ní Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́dé, pẹ̀lú iye owó ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan lábẹ́ rẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù máa jókòó lóṣooṣù gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn, kí wọ́n sì sọ ibi tí wọ́n bá a dé. Kí ẹni tó bá kọ aláìsàn pàjáwìrì fojú ba ilé ẹjọ́.

Àwa náà ní tiwa láti ṣe. A kò gbọdọ̀ lu nọ́ọ̀sì, a kò gbọdọ̀ purọ́ fún dókítà. Ṣùgbọ́n kí a béèrè orúkọ oògùn, kí a gba rìsíìtì, kí a sì fẹjọ́ sùn bí wọ́n bá fi ìyà jẹ wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, gbé ilé ìwòsàn alábọ́dé lárugẹ kí ìtọ́jú lè sún mọ́ mẹ̀kúnnù. Ó ti sún mọ́ wa. Ó kù kí ó bọ̀wọ̀ fún wa, kò sì sí ẹni tí yóò bá wa béèrè rẹ̀ bí àwa bá dákẹ́.